Múdù Ẹ̀wà ní Àádọ́ta Náírà

Títí dòní, bí mo bá rí x àti y nínú ìwé ọmọ mi, inú a máa bí mi. Irú ìṣirò yẹn ló yẹ kó dá bàbá mi dúró sílé.

Olùkọ́ ìṣirò ni, ní ilé-ìwé kan ní Ungwan Shanu. A ti kó lọ sí Barnawa, ní òdìkejì odò, ṣùgbọ́n ó ṣì ń gba orí afárá lọ síbi iṣẹ́, ìyá mi náà kò sì fi baba Hausa tó máa ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà fún un níbẹ̀ sílẹ̀. Baba yìí kì í dárúkọ iye owó múdù kan. Á wọn gbogbo rẹ̀ tán, á bu èènì tí wọ́n ń pè ní gyara lé e, á wá pe àròpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí oníbàárà má bàa rí ibi tí yóò ti ná an. Bàbá mi fẹ́ràn ìyẹn ju ẹ̀wà gan-an lọ. Bí ìyá mi bá ti sọ báàgì kalẹ̀ báyìí, iṣẹ́ mi dé nìyẹn: kí n fi x àti y wá iye múdù kọ̀ọ̀kan.

Ní Sátidé kan, ìyá mi ra ìrẹsì múdù mẹ́ta àti ẹ̀wà méjì ní ọ̀ọ́dúnrún náírà ó lé ogójì. Aládùúgbò wa tí wọ́n jọ lọ ra ìrẹsì méjì àti ẹ̀wà mẹ́ta, ó san ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́wàá. Mo rò ó, mo yọ ọ́: ìrẹsì ọgọ́rin, ẹ̀wà àádọ́ta. Bàbá mi ní mo ti ṣì í. Mo tún un ṣe, àádọ́ta náà ló jáde. Ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó ṣe é fúnra rẹ̀, kò sì rí ohun tó yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ baba náà ti ráhùn fún ìyá mi pé àádọ́rin lòun ń ra múdù ẹ̀wà wá láti abúlé.

Ìyá mi ní arúgbó ló ṣì í kà, òun ò sì ní jẹ owó àgbà. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, ó lọ san ìyókù. Ó bá baba náà níbi tó ti ń di ẹrù sínú ọkọ̀, ìyàwó rẹ̀ ti jókòó síwájú. Kò gba owó náà, kò sì wo ìyá mi lójú. Ó ní, "Ki koma gida," pé kó máa lọ sílé, kó má sì padà wá lọ́la.

Ẹ̀rù bà mí nígbà tí ìyá mi sọ ọ́ fún wa. Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Ó ní baba náà ti gbó, abúlé ló ń padà sí. Ẹni tó ń kógbá sílé kì í dúró wá èrè. Inú rẹ̀ dùn pé òun ti rí ìdáhùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, ìyá mi di báàgì bàbá mi mú, ó ní:

"Dádì, ẹ má lọ lónìí. Mo bẹ̀ yín."

Bàbá mi ní àwọn ọmọ ilé-ìwé òun ní ìdánwò, ta ni yóò pín ìbéèrè fún wọn? Ó rọra gba báàgì náà, ó lọ.

Kí oòrùn tó kan àtàrí, rògbòdìyàn ti bẹ́ sílẹ̀ ní Ungwan Shanu, èéfín ti bo ojú ọ̀run lápá ibẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń sáré bọ̀ lórí afárá. Ìyá mi dúró lẹ́bàá títì, ó ń wo ojú gbogbo ọkùnrin tó ń kọjá. Nígbà tó yá, àwọn ṣọ́jà dí afárá náà, kò sì sí ẹni tó tún ń bọ̀ mọ́. Bàbá mi kò sí nínú àwọn tó ti kọjá.