Ibi Tí Bàbá Máa Ń Dúró Sí

Mo rántí ìgbà tí ọkọ mi gba ajọ̀ gàrí mi lọ́wọ́ mi, tó ní iyanrìn lòun fẹ́ fi jọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ délé ọkọ ní Topo ni, oyún àkọ́kọ́ sì wà nínú mi. Ìyá mi ló ra ajọ̀ náà fún mi kí n tó kúrò ní Morogbo, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ kéèyàn fẹ́ràn ajọ̀ lọ. Mo bú sẹ́kún. Ọkọ mi wò mí títí, ó ní, "Ṣé torí ajọ̀ nìkan ni, àbí èèyàn wa kan kú tí n ò gbọ́?" Tí mo bá rántí ẹ̀ lónìí, ẹ̀rín ara mi ní í pa mí.

Ọkọ̀ onígbòkun kan ni wọ́n ní nílé ọkọ mi, ọkọ̀ àtijọ́ tí òyìnbó kan fi sílẹ̀ nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀. Bàbá ọkọ mi ló rà á. Ó pààrọ̀ àwọn pákó tó ti jẹrà, ó rán ìgbòkun rẹ̀, ó sì ń fi kó èèyàn àti àgbọn sọdá ọ̀sà lọ sí Àgbádárìgì. Nígbà tí gbogbo ayé gbé ẹ́ńjìnnì sídìí ọkọ̀ tiwọn, wọ́n ní Bàbá máa ń sọ pé afẹ́fẹ́ kì í béèrè owó epo. Mi ò bá Bàbá láyé. Ibi tó máa ń dúró sí ni mo bá, lẹ́yìn ọkọ̀ níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi tí wọ́n fi ń darí rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti jẹ ọ̀dà ibẹ̀ tán, ó jẹ ẹ́ kan pákó, pákó ọ̀hún sì ń dán bí ibi tí ọwọ́ ń dì mú lára ọmọ odó.

Ọmọ oníṣòwò lẹ́bàá títì ni èmi. Omi tí mo mọ̀ kò ju ti inú kànga lọ. Bàtà gogoro ni mo wọ̀ wọ ọkọ̀ náà nígbà àkọ́kọ́, tí mo di òpó ìgbòkun mú bí ẹni dì mọ́ ìyá rẹ̀. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ: bí èmi àti ọkọ̀ ṣe ń bá ara wa gbé nìyẹn. Ilẹ̀ rẹ̀ ti ń yọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, ìrì díẹ̀ báyìí, èèyàn á ti máa wá ohun tí yóò dì mú. Bẹ́ẹ̀, òun náà ni yóò máa gbé mi lọ sí ọsibítù títí n ó fi bímọ. Ọkọ mi wá ní kí òjò tó dé, àwọn yóò tún ilẹ̀ náà kùn, àwọn yóò sì wọ́n iyanrìn sínú ọ̀dà kí ẹsẹ̀ lè rí nǹkan tẹ̀ mọ́.

Iyanrìn etí òkun ló kọ́kọ́ bù, bó sì ṣe bù ú ló ṣe wọ́n ọn sórí ọ̀dà tútù níwájú ọkọ̀, tòun ti ìkarahun wẹ́wẹ́ inú rẹ̀. Ó gbàgbé pé èrò wa kì í wọ bàtà lórí ọkọ̀, ilẹ̀ ni wọ́n sì ń jókòó sí. Obìnrin ẹlẹ́ja kan jókòó lé e, bó ṣe ní kóun dìde, ìró rẹ̀ ya fàà. Ó ní, "Ọlọ́kọ̀, ẹ jọ̀ọ́ o, ṣé ìdí wa lẹ fẹ́ rin bí ẹ̀gẹ́ ni?" Ìyẹn ló sọ ajọ̀ mi di ajọ̀ iyanrìn.

A fi sáńpépà ha gbogbo rẹ̀, a fi omi tí kò níyọ̀ fọ̀ ọ́, a bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún láti iwájú wá. Ìgbà tí a dé ibi tí Bàbá máa ń dúró sí, ìyá ọkọ mi gbé àpótí rẹ̀ wá, ó jókòó lé e. Kò bínú, kò pariwo.

"Ẹ kun ìyókù. Ẹ fi ibí sílẹ̀ fún mi."

Ọkọ mi ní, "Màámi, ibẹ̀ gan-an ló ń yọ̀ jù."

"Bàbá ẹ ò yọ̀ níbẹ̀ rí."

A bẹ̀ ẹ́ títí, ó ń wo ọ̀sà. Bí a ṣe fi ibẹ̀ sílẹ̀ láìkùn nìyẹn. Inú bí mi gan-an. Mo gbà lọ́kàn mi pé ẹsẹ̀ òkú wù ú ju ọmọ tó wà nínú mi lọ, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún ọkọ mi. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn." Mo ní kó gbé òwe rẹ̀ lọ fún ẹni tí kò lóyún.

Òjò rọ̀ mọ́jú ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ sí ọsibítù. Ìyá ọkọ mi tẹ̀ lé mi, bó ṣe máa ń ṣe. A ti dé àárín ọ̀sà kí afẹ́fẹ́ tó yí padà lójijì, ọkọ mi sáré lọ síwájú láti tú okùn, ó ní kí n bá òun di igi ìdarí mú díẹ̀. Mo gbẹ́sẹ̀ lé ibẹ̀. Ẹsẹ̀ mi lọ. Ohun tí mo kàn mọ̀ ni pé ọwọ́ kan fa ìró mi láti ẹ̀yìn, mo sì já lé ìyá ọkọ mi lórí itan, àwa méjèèjì sì wà nílẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ikùn mi, kò sì gbé e kúrò títí a fi gúnlẹ̀. "Ovi ṣie, ovi ṣie," ló ń wí, ọmọ mi, ọmọ mi, ní èdè Ègùn tó máa ń bọ́ sí i lẹ́nu tí ọkàn rẹ̀ bá dàrú. Nígbà tí nọ́ọ̀sì ní ọkàn ọmọ ń lù dáadáa, ìyá ọkọ mi ló sunkún. Èmi ń wò ó, ojú sì ń tì mí.

Nígbà tí ilẹ̀ ọkọ̀ gbẹ, òun fúnra rẹ̀ ló wá béèrè ajọ̀. Ó fọ iyanrìn, ó sá a, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná mi, ó ń jọ ọ́ títí ó fi kúnná bí èlùbọ́. Lẹ́yìn náà ó gun ọkọ̀, ó bọ́ sálúbàtà rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sí ibi tí ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ ti jẹ, ó sì dúró. Nígbà tó ṣe, ó sún kúrò, ó na ọwọ́ sí ọmọ rẹ̀ fún búrọ́ọ̀ṣì. Ó kun ibẹ̀, ó wá ń bu iyanrìn wọ́n ọn díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń wọ́n iyọ̀ sẹ́ja.

Ó ní, "Ẹni tó ti lọ kò lè yọ̀ ṣubú mọ́. Ẹni tó ń bọ̀ ló yẹ ká tún ilẹ̀ ṣe dè."

Mo tún sunkún lọ́jọ́ yẹn, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ láti ìgbà náà títí a fi sin ín.

Ọmọ tó wà nínú mi nígbà náà ló ń wa ọkọ̀ náà báyìí. Kó tó gbà á, bàbá rẹ̀, ọkọ mi, ló ń dúró síbi tí Bàbá máa ń dúró sí. Bí a bá kùn ún, bó pẹ́ bó yá, ẹsẹ̀ rẹ̀ á tún jẹ ẹ́, n ó sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jẹ ọ̀dà ju bí ẹnu rẹ̀ ṣe ń jẹ ẹ̀kọ lọ. Òun náà ti lọ. Látìgbà tó ti lọ, kò sẹ́ni tó tíì kun ibẹ̀, èmi náà ò sì rán wọn létí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi wá bá mi. Ó ní, "Màámi, ọmọ mi ti ń rìn, kì í sì í gbé jẹ́ẹ́ nínú ọkọ̀. Mo fẹ́ kun ẹ̀yìn yẹn. Wọ́n ti ń ta ọ̀dà tí iyanrìn ti wà nínú ẹ̀, kò ní gba wàhálà." Mo gbọ́ tí ẹnu mi sọ pé kó kun ìyókù ná.

Ó kàn ń wò mí, bí bàbá rẹ̀ ṣe wo ìyá tirẹ̀ lórí àpótí nígbà náà. Mo dìde, mo lọ sí etí omi, mo gun ọkọ̀, mo bọ́ sálúbàtà mi. Mo fi ẹsẹ̀ mi sí ibẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ tó wà níbẹ̀ tóbi ju tèmi lọ. Pákó náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ nítorí oòrùn, ó sì ń dán. Mo dúró títí ó fi tó mi.

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, mo ní kó ra ọ̀dà lásán wá. Mo wọlé lọ mú ajọ̀.