Purotéènì Inú Fírísà Ẹlẹ́ja

Èmi kì í fepo bọyọ̀. Bí nǹkan bá bàjẹ́ ní láàbù mi ní yunifásítì Ìjagun, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló máa gbọ́. Ọmọbìnrin kan tó ń kàwé gboyè másítàsì lọ́dọ̀ mi mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi kúnlẹ̀ kó tó la ẹnu lọ́jọ́ kan.

Ọ̀rọ̀ purotéènì kan ni. Ó máa ń wà lára sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ wa, òun ni kòkòrò ibà máa ń dì mọ́ kó tó ráyè wọlé. Tiwa yìí kò ti ara ẹnikẹ́ni wá, inú láàbù ni wọ́n ti ṣe é lókè òkun. Ọmọ yìí fẹ́ fi wò ó bóyá omi ewé kan lè dènà kòkòrò náà. Oṣù mẹ́fà la fi retí ìgò kan ṣoṣo. Bó bá bàjẹ́, másítàsì ẹ̀ dópin nìyẹn.

Lẹ́búlẹ́bú ló dé. A fi omi pò ó, a pín in sínú ike wẹ́wẹ́ mẹ́wàá, a kó wọn sí fírísà ká lè máa mú ẹyọ kan jáde lẹ́ẹ̀kan, torí bó bá ń dì tó ń yọ́ léraléra, agbára ẹ̀ á lọ. Àfi bí iná ṣe lọ, tí jẹnẹrétọ̀ wa náà kọṣẹ́. Ìyá ọmọ náà, Alhaja kan tó ń ta ẹja inú yìnyín n'Ìjẹ̀bú-Òde, ní fírísà ńlá tí iná kì í kú nídìí ẹ̀. Ibẹ̀ la kó wọn lọ, sáàárín pańlá.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà lọmọ wá kúnlẹ̀. Ó ní lójoojúmọ́, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ìyá òun máa ń mú un jáde, á dì í mọ́ àtẹ́lẹwọ́, á máa ṣàdúà sí i, ìgbà tó bá yọ́ tán ló tó máa dá a padà. Orí mi gbóná. Ọ̀kadà ni mo gùn débẹ̀, pẹ̀lú èébú lẹ́nu.

Alhaja gbé àga fún mi tẹ̀ríntẹ̀rín. Mo bi í pé mélòó ló ń mú jáde. "Ẹyọ kan náà ni, mádàámù. Bí Ọlọ́run bá gbọ́ ti ọ̀kan, ó ti gbọ́ ti gbogbo wọn." Ó ti so òwú mọ́ ọn kó má baà ṣì í mú. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé èébú.

Iná ti dé, a kó wọn padà, a dán wọn wò. Àwọ̀ yẹ́lò, àmì pé agbára ẹ̀ ṣì wà, yọ kedere lára àwọn tí kò ṣàdúà sí. Tolówùú, omi lásán. Mo sọ fọ́mọ náà pé iṣẹ́ ẹ̀ ò bàjẹ́, kó lọ múra àtidán omi ewé ẹ̀ wò.

Nígbà tí Alhaja wá kí wa, ó béèrè bóyá àdúà òun gbà. Ọmọ ẹ̀ ń fojú bẹ̀ mí. Mi ò purọ́.

"Mẹ́sàn-án yè, Alhaja. Èyí tẹ́ ẹ̀ ń dì mú ló kú. Ooru ọwọ́ yín ló pa á."

Ó wo àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀. Àánú ẹ̀ ṣe mí gan-an, àmọ́ mi ò kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Mo di ọwọ́ náà mú, tòun ti òórùn ẹja, mo gbé e lé ọmọ ẹ̀ lórí.

"Ibí ni kẹ́ ẹ máa gbé e lé. Èyí ò ní yọ́."