Ọ̀dà Lára Ilẹ̀kùn Ìrèlé

Ọ̀gá wa ní ilé ìṣàfihàn iṣẹ́ ọnà ìjọba ní Ìkọ̀lé kàwé títí, àmọ́ ohunkóhun tí kò bá ti dán, ìdọ̀tí ni lójú rẹ̀. Èmi ni mò ń tọ́jú àwọn ère àti ilẹ̀kùn gbígbẹ́ tó wà níbẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni mo fi ń gbọn eruku ara wọn, n kì í jẹ́ kí omi kàn wọ́n. Ó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mò ń pọn igi bí ọmọ ìkókó.

Ìyá arúgbó kan ní Ìrèlé ló fún wa ní ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn náà. Bàbá rẹ̀ ló gbẹ́ ẹ. Ẹlẹ́ṣin kan wà láàárín rẹ̀, ẹfun lójú, osùn lára ẹṣin. Ìyá kò fẹ́ yọ̀ǹda rẹ̀; èmi ni mo lọ bẹ̀ ẹ́, tí mo ṣèlérí pé bó ṣe wà gan-an la ó ṣe tọ́jú rẹ̀. Látìgbà náà, bó bá ti ná ọjà Ìkọ̀lé, á yà kí ẹlẹ́ṣin náà, á fọwọ́ kàn án lójú. Òfin kò gbà á, àmọ́ mo máa ń wo ibòmíràn.

Ìgbà tó yá, wọ́n ní kọmíṣánnà ń bọ̀ láti Adó. Ẹ mọ̀ wá: bí àlejò pàtàkì bá ń bọ̀, a ó kun ògiri, a ó kun òkúta etí títì, a ó kun ẹsẹ̀ igi máńgòrò. Mo lọ síbi òkú ní Ùsì. Kí n tó dé, ọ̀dà ṣẹ́ kù, ọ̀gá kò fẹ́ kó ṣòfò, ó ní kí wọ́n fi kun ilẹ̀kùn ìyá. Ẹlẹ́ṣin ń dán bíi bàtà ọmọ ilé ìwé lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ohun tó bá lè ṣí ọ̀dà yẹn kúrò, á kó ẹfun àti osùn lọ pẹ̀lú. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu, ó tún ń retí ọpẹ́. Inú bí mi débi pé n kò lè kí i. Kọmíṣánnà náà kò wá. Ìlú Ọ̀yẹ́ lójú ọ̀nà ló ti jẹun, ló bá padà.

Lọ́jọ́ ọjà, ìyá dé. Ó kọjá lára ilẹ̀kùn náà, ó yí gbogbo ilé ká, ó wá bá mi.

"Ulẹ̀kùn bàbá mi dà?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí i. "Òun nìyí, Màmá. A ti bá yín tún un ṣe."

Ìyá fọwọ́ kan ojú ẹlẹ́ṣin, ó gbóòórùn ìka rẹ̀, ó sọ fún ọ̀gá jẹ́ẹ́jẹ́ pé èyí kọ́. Ó wá kọjú sí èmi tí mo ṣèlérí.

"Ọmọ mi, bá mi wá a. Bí o bá rí i, gbé e wá ulé fún mi."