Báírò Pupa Ọ̀gá Wa

Báírò pupa ni mo fi ń rántí ọ̀gá wa obìnrin ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba tí mo ti ṣe tíṣà ní Warri. Bí mo bá kọ "pẹ́" sí iwájú orúkọ àwọn ọmọ Ugbuwangue, àdúgbò àwọn apẹja, nínú rẹ́jísítà, á fagi lé e, á kọ "àwọ̀n", torí wọ́n ń bá bàbá wọn kó àwọ̀n láàárọ̀.

Alábẹ̀wò kan ní àwọn ọmọ apẹja ló ń fa máàkì ìṣirò wa sílẹ̀. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín: "Oga, dem no dull. Before dem reach, we don finish Maths."

Ó gbé ìṣirò sí ẹ̀yìn bíréèkì. Ní òpin táàmù, ọmọ apẹja ló gba ipò kìíní. Mo ṣì ń pàtẹ́wọ́ nígbà tí ọ̀gá na rẹ́jísítà sí mi:

"Tíṣà, ó wá ku àwọn ọmọ Jeddo tó ń ti ọ̀nà jíjìn wá, tí o ṣì ń kọ 'pẹ́' sí."