Kọnkéré Iwájú Ilé Mi

Láti ìgbà tí ọkọ̀ olómi kan ti fẹ̀yìn rìn gun kọnkéré tó bo gọ́tà níwájú ilé mi, tó sì fọ́ ọ, ara mi ò balẹ̀ mọ́. Bí mo bá gbọ́ ẹsẹ̀ níta, mo ti sáré dé ojú fèrèsé. Mo jókòó, mo tún dìde. Irin ti yọ ṣóńṣó nínú ihò náà bí eyín ajá, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sì ti gba gbogbo ojú títì.

Ìyá Ọ̀yọ́ tó ń gbé lẹ́yìnkùlé wa ni àyà mi ń já fún jù. Aṣọ ló ń tà lọ́jà, ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, ibẹ̀ ló sì ń gbà lọ, tó ń gbà bọ̀.

Ẹ lè ní kí ló dé tí n ò tún un ṣe. Ní Warri níbí, bí àwọn ọmọ àdúgbò bá ti rí yanrìn níwájú ilé ẹni, wọ́n á ní ẹ̀ ń kọ́lé, kí ẹ mú deve wá, owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ onílé nìyẹn. Èmi tí mò ń jágbe mọ́ ayálégbé, bí mo bá rí wọn, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mò ń sá sí.

Ni mo bá ṣe é bí a ti ń ṣe é ní Ìlàjẹ. Orí omi nilé wa, pátákó lọ̀nà wa, kálukú ló ń tún ti iwájú ilé rẹ̀ ṣe. Mo kan pátákó méjì pọ̀, mo tẹ́ ẹ sórí gọ́tà, inú mi dùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá Ọ̀yọ́ fẹsẹ̀ kan tẹ̀ ẹ́, pátákó mì jìgìjìgì, ó fà sẹ́yìn.

"Lánlọ́ọ̀dù, níbi tiyín, ẹni tó bá ṣubú, inú omi ló bọ́ sí, á lúwẹ̀ẹ́ jáde. Èmi ńkọ́? Ṣé wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ nínú gọ́tà ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ọ̀hún ò dénú. Ó yà sáàárín àwọn kẹ̀kẹ́, ọ̀kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a lójú mi. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo ra sìmẹ́ńtì.

N ò tíì pò ó tán tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ àdúgbò fi dé, ó ká apá mọ́ àyà. "Baba, you dey build?"

Mo ti to ọ̀rọ̀ akọ sílẹ̀ láti ìdájí, gbogbo rẹ̀ sá. Mo kàn nawọ́ sí ihò, mo ní kì í ṣe ilé, ọ̀nà ni, ìyá tirẹ̀ náà lè gbabẹ̀. Ó wo irin yẹn títí. Ó ní ta ló ni gọ́tà? Mo ní gbogbo wa ni. Ó ní kí ló wá dé tó jẹ́ èmi nìkan ni mò ń ṣe é? Mo bá ń po sìmẹ́ńtì mi lọ. Ó pòṣé, ó rọra yẹ ẹsẹ̀ fún sìmẹ́ńtì, ó lọ. Gbogbo ìgbà tí mo fi jókòó ṣọ́ kọnkéré yẹn, mo rò pé ó lọ kó àwọn yòókù wá ni, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò wá.

Nígbà tó gbẹ, ìyá Ọ̀yọ́ dúró létí rẹ̀.

"Ẹ kọ́kọ́ gùn ún, kí n rí i."

Èmi tí mo pò ó fúnra mi, mo dijú kí n tó gbé ẹsẹ̀ lé e. Kò mì. Ó di apá ẹ̀wù mi mú, ó kọjá, ó bá ọjà rẹ̀ lọ. Mo tún gùn ún lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá kọnkéré náà ń tàn wá ni.