Ọ̀gá Tí Kì í Gba Ìta Wọlé

"Ibo lo dúró sí?"

Ìbéèrè tí ọ̀gá mi obìnrin ní ọ́fíìsì wa ní Bódìjà máa ń bi mí nìyẹn kí n tó fọwọ́ kan fáyáwọ́ọ̀lù, ètò tó ń ṣọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa. Wọn kì í rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá ń bi mí.

Inú kọ̀ǹpútà kan tí a fi ètò dá sínú kọ̀ǹpútà ńlá ni fáyáwọ́ọ̀lù náà wà. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mi, mo fẹ́ wọ ojú ìwé tí a fi ń ṣàkóso rẹ̀ láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó kọ̀. Mo bá ti orí kọ̀ǹpútà ńlá náà dá ìṣọ́ rẹ̀ dúró pátápátá, ojú ìwé náà sì ṣí wẹ́rẹ́. Ọ̀gá mi yọ gíláàsì ojú wọn.

"O wó ògiri torí pé o fẹ́ wọlé. Ṣé olè ò mọ ọ̀nà ibẹ̀ ni?"

Wọ́n dá ìṣọ́ padà. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà tó wà nínú ọ́fíìsì, lẹ́yìn ògiri náà, nìkan ni kí n ti máa wọlé. Pásíwọ́ọ̀dù tó bá fáyáwọ́ọ̀lù náà wá, wọ́n ní kí n yí i padà kí n tó mu omi.

Ní oṣù tó kọjá, orúnkún dá wọn dúró sílé ní Apẹtẹ. Wọ́n pè mí.

"Jọ̀ọ́, ṣí ojú ìwé fáyáwọ́ọ̀lù yẹn síta fún mi, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré."

"Ẹ má bínú, mà. Mi ò ní ṣí i."

Wọ́n gé fóònù.

Lẹ́yìn wákàtí kan, mo gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Wọ́n jókòó sídìí kọ̀ǹpútà inú ọ́fíìsì, wọ́n na ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n.

"Ibo ni mo dúró sí?"

"Inú ni, mà."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.