Ìjánu Lọ́rùn Ìyá Mi

Nígbà tí mo wà ní Poli, ní àárín àwọn ọdún 1990, àwọn obìnrin kan wà ní Kaduna tí wọ́n ń so ìjánu ẹṣin mọ́rùn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n sì rò pé oge ni àwọn ń ṣe. Ẹ má rò pé mo ń bù mọ́ ọn. Síkáàfù ṣẹ́dà ni, onígun mẹ́rin, tó ti òkè òkun wá, orúkọ ẹni tó ṣe é sì wà ní igun rẹ̀ kan bí ìgbà tí èèyàn fọwọ́ kọ ọ́. Gbogbo ohun tí wọ́n yà sára rẹ̀, ohun ìlò ẹṣin ni: ìjánu, okùn ìjánu, gàárì, ṣéènì kéékèèké, lẹ́yìn náà ìjánu lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ẹ bá ti rí ọ̀kan, ẹ ti rí gbogbo wọn. Àwọ̀ nìkan ló ń yí padà.

Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́. Nínú oṣù kẹta, nígbà tí oòrùn Kaduna bá ń jó orí páànù tí ọbẹ̀ àárọ̀ sì ń kan kó tó di ọ̀sán, wọ́n á fún un mọ́rùn gírígírí, wọ́n á ká a kí orúkọ yẹn lè bọ́ sí abẹ́ àgbọ̀n gan-an níbi tí gbogbo ayé á ti rí i, wọ́n á sì fi píìnì dè é kó má baà yẹ̀. Òógùn á máa ṣàn. Wọn kì í fọ̀ ọ́, nítorí wọ́n ní omi á bà á jẹ́. Èyí tí òógùn bá ti mú pọ́n, lọ́fínńdà ni wọ́n ń dà lé e lórí. Bí irú òórùn bẹ́ẹ̀ bá jókòó tì ọ́ nípàdé, o ò ní gbàgbé rẹ̀ bọ̀rọ̀.

Ẹgbẹ́ obìnrin ìlú wa ni mo ń wí. Apá Kogi ni wá, tíṣà àti òṣìṣẹ́ ìjọba ló pọ̀ jù nínú wa, gbọ̀ngàn kékeré kan tí àwọn bàbá wa kọ́ sí Ungwan Boro la sì ti ń pàdé ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi. Ìyá Ẹgbẹ́ ló dá ọ̀rọ̀ síkáàfù yìí sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n máa pè é ní "wọ́n", nítorí ó ju ìyá mi pàápàá lọ. Mi ò ní pè é bẹ́ẹ̀. Ìyá mi ni mo ń fi "wọ́n" bọ̀wọ̀ fún nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ ó sì rí ibi tí èyí náà ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ọ̀gá àgbà nínú iṣẹ́ ìjọba ni ọkọ rẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì, àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní London, ibẹ̀ ló sì ti ń kó síkáàfù bọ̀. Ìyá mi rán mi níṣẹ́ sí i lọ́jọ́ kan, ó sì tú gbogbo wọn sórí bẹ́ẹ̀dì kí n lè wò wọ́n. "Èyí kì í ṣe ẹgbẹ́ ìyẹn o," ó ní. "Wo ṣéènì rẹ̀, apá òsì ló kọjú sí." Mo wò ó. Lóòótọ́, apá òsì ló kọjú sí. "Ṣéènì ọba ni. Ìdílé ọba òyìnbó ló ń lo irú ẹ̀."

Kaduna la bí mi sí. Ní gbogbo ọjọ́ Sallah ni ẹṣin ń gba iwájú ilé wa kọjá. Ọmọ ọdún márùn-ún ní àdúgbò wa mọ linzami, bí àwọn Hausa ṣe ń pe ìjánu, ó sì mọ̀ pé irin rẹ̀ ni wọ́n ń kì bọ ẹṣin lẹ́nu kó má baà yà síbi tó wù ú. Ìyá Ẹgbẹ́ náà ti pẹ́ ní Kaduna, àmọ́ inú mọ́tò tí wọ́n yí gíláàsì rẹ̀ sókè ló ti máa ń wo Sallah. Nílùú tí wọ́n ti ń hun aṣọ tí wọ́n sì ń tẹ àǹkárá, ohun èlò ẹṣin ẹlẹ́ṣin ló lọ ń gbé bọ̀ láti London.

Kì í tà á. Ó máa ń fi tọrẹ ni, ẹni tó bá sì gbà á ti di tirẹ̀. Bó bá lanu nípàdé, kó tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì, àwọn ọlọ́rùn-síkáàfù á ti máa pariwo, "Mo sẹ́kọ́ńdì ẹ̀!" Àwọn àgbà ní bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì. Ti àwọn wọ̀nyí, ẹnu kò tilẹ̀ jẹ nǹkan kan, ọrùn ló jẹ ẹ́.

Ìyá mi kò gba ìkankan. Tíṣà ni wọ́n, ẹnu wọn sì mú bí abẹ. Bí a bá ti ìpàdé dé, wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n á ní, "Ẹ wo bí wọ́n ṣe di ọrùn, bí ẹni tí ọ̀nà ọ̀fun ń dùn," gbogbo wa á sì rẹ́rìn-ín títí. Mo fẹ́ràn ẹnu yẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Òun ni mo fi ń yangàn láàárín ẹgbẹ́ mi.

Yàrá kan wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn wa, opó kan àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjì ló ń gbé inú rẹ̀. Ó ń gbá gbọ̀ngàn, ó ń nu àga, kò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n Ìyá Ẹgbẹ́ ti ra kánópì àti àga tó fẹ́ máa fi háyà, ibi tó máa kó wọn sí ló ń wá. Gbogbo wa la mọ̀. Ohun tó ń sọ káàkiri ni pé ẹgbẹ́ nílò yàrá ìkẹ́rùsí. Bí opó yẹn bá sì kúrò níbẹ̀, kò níbi tó máa lọ àfi Kamazou, nílé àbúrò ọkọ rẹ̀ tó fẹ́ ṣú u lópó. Ó ti sọ fún ọkùnrin náà pé òun kò fẹ́. Ìdí tó fi sá kúrò níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ nìyẹn.

Ó wá bá ìyá mi nílé, ó kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin nìkan ni mo ní."

"Dìde," ìyá mi dáhùn. "Ta ló fẹ́ lé ẹ? Jẹ́ kí wọ́n dá ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ lójú mi. Wọ́n á gbọ́ tẹnu mi lọ́jọ́ yẹn!"

Kí ìpàdé tó pé, Ìyá Ẹgbẹ́ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sílé wa, ohun tí kò ṣe rí. Kò mẹ́nu kan yàrá. Ó kàn ṣí báàgì rẹ̀, ó yọ síkáàfù aláwọ̀ búlúù kan jáde, ó ní, "Bí mo ṣe rí i báyìí, mo ní ti tíṣà wa nìyí."

"Haba, mà! Ẹ ò bá má ṣe wàhálà," ni ìyá mi wí, ọwọ́ wọn sì ti wà lára rẹ̀.

Bó ṣe jáde, wọ́n dúró níwájú dígí, wọ́n gbé e sọ́rùn, wọ́n yí ọrùn sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì. Mo dúró lẹ́yìn wọn.

"Mọ́mì, ìjánu ni."

"Ìjánu kẹ̀? Ṣéènì wúrà ni. Wò ó dáadáa."

"Linzami ni, Mọ́mì. Irin tí wọ́n ń kì bọ ẹṣin lẹ́nu nìyẹn."

"Kai, ọmọ yìí! Sílíkì gidi ni. Fọwọ́ kàn án."

Mo fọwọ́ kàn án. Ó ń dán, ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́, mi ò ní purọ́. Mo wá fi òwe tí àwọn fúnra wọn ń pa fún wa dá wọn lóhùn, pé ẹni tó máa dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò.

"Mo ti wò ó," wọ́n ní. "Ó rẹwà."

"Ẹ ó ṣì sọ̀rọ̀ ní Sọ́ńdè?"

"Ta ló ní mi ò ní sọ̀rọ̀? Ṣé síkáàfù ló ń bá mi sọ̀rọ̀ ni?"

Ní ọjọ́ Ìsinmi náà, èmi ni mo ń pín mínírà nípàdé, nítorí náà ojú mi ló ṣe. Ìyá mi kò mọ síkáàfù so, gbogbo rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìyá Ẹgbẹ́ pè wọ́n síwájú. "Ẹ bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ẹ jẹ́ n bá yín so ó." Ìyá mi bẹ̀rẹ̀. Obìnrin náà fà á, ó yí i po, ó ta á ní kókó lẹ́yìn ọrùn, ó tún fà á kó le, ó wá fọwọ́ gbá wọn léjìká pẹ́pẹ́. Irú ìgbálẹ́jìká yẹn, mo ti rí i lọ́jọ́ Sallah.

Òun náà ló wàásù. Ẹ wá gbọ́ ohun tó mú: ìkóra-ẹni-níjánu. "Ẹ̀yin ìyá, ẹ kó ahọ́n yín níjánu!" ló ń wí, ìjánu bí mẹ́fà sì wà láyà rẹ̀ tó ń mì bó ṣe ń mí. Díẹ̀ ló kù kí ìgò bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo wo gbogbo gbọ̀ngàn bóyá ẹnì kan á rẹ́rìn-ín. Kò sí. "Àmín" ni wọ́n ń ṣe.

Lẹ́yìn náà ló dá ọ̀rọ̀ yàrá sílẹ̀. Ẹgbẹ́ nílò ibi ìkẹ́rùsí, ó ní, opó wa náà sì mọ̀, a ó máa fàdúrà ràn án lọ́wọ́. "Mo sẹ́kọ́ńdì ẹ̀!" "Ṣé ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀?" Ìyá Ẹgbẹ́ bi wá.

Ẹnu ọ̀nà ni opó náà dúró sí. Ìyá mi ló ń wò. Ìyá mi wúkọ́, wọ́n fọwọ́ kan ọrùn, wọ́n dìde. Ayọ̀ mú mi débi pé mo gbé gbogbo ìgò sílẹ̀ kí n lè gbọ́ dáadáa.

"Ẹ ṣeun, mà," ó ní. "Ohun tí ẹgbẹ́ bá ti rí pé ó dára ni. Kí Olúwa tọ́ wa sọ́nà."

Ó sì jókòó.

Ẹ ti rí i, mo ní "ó". Bó ṣe bọ́ lọ́kàn mi lọ́jọ́ náà nìyẹn, mi ò sì mú un padà. Ojú tì mí, inú bí mi, ó dà bíi kí n wọlẹ̀. Ìyá Ẹgbẹ́ sì ń pàtẹ́wọ́. "Ẹ rí i! Ìkóra-ẹni-níjánu gan-an nìyẹn!"

Nígbà tí mo ń ṣa ìgò níta, opó náà pè mí. Kò sunkún. "Bá mi kí Ẹ̀gbọ́n," ó ní. "Sọ fún wọn pé síkáàfù náà yẹ wọ́n." Ó wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í já kọ́tìnnì rẹ̀.

Nílé, ìyá mi ń bá kókó yẹn jà níwájú dígí. Òógùn ti mú un le. "Wá bá mi tú u," ó ní. Mo kọ́kọ́ jíṣẹ́ tí opó náà rán mi, bó ṣe rán mi gẹ́lẹ́. Ó ní kí n tún un sọ, mo sì tún un sọ. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó kẹ̀yìn sí mi, ó tẹrí ba, ó dúró jẹ́ẹ́. Eyín ni mo fi tú u nígbẹ̀yìn.

Bó ṣe bọ́ sílẹ̀ ni ìyá mi la ẹnu. "Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ìyá! Ilé tí àwọn ọkọ wa fi òógùn ojú kọ́, ṣé ó yẹ ká lé ọmọ èèyàn jáde níbẹ̀ ká wá kó kánópì wọlé? Obìnrin yìí ti ní òun kò fẹ́ kí wọ́n ṣú òun lópó. Ta ló fẹ́ fà á lé ọkùnrin yẹn lọ́wọ́ nínú yín? Ẹ̀yin tí ẹ ń wàásù, ẹ lọ kó ojúkòkòrò yín níjánu ná!" Ó ń jùwọ́, ohùn rẹ̀ ń dún kọjá fèrèsé. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tó ṣìnà nínú rẹ̀. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo ti ń retí rẹ̀, àwa méjì péré la sì wà nínú yàrá.

"Ọ̀rọ̀ yín dára gan-an, Mọ́mì," mo ní. "Ẹ dìde, ká lọ sọ ọ́ fún wọn."

Ó wo síkáàfù tó wà nílẹ̀. Ó mú un, ó gbọn eruku rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí itan, ó sì ń ká a ní ojú ìlà tí wọ́n ti ká a tẹ́lẹ̀, títí orúkọ yẹn fi bọ́ sókè.

"Ilẹ̀ ti ń ṣú," ó ní.

Mo wọ bàtà mi, mo sì dá lọ sí Ungwan Boro lọ bá opó náà di ẹrù.